Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Kọ́ Ìmòòkùn Lọ Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Gba Káàdì

Ẹnìkan lè ní òun ti mòòkùn nígbà 50, kó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mòòkùn. Ìgbà 49 tó kù, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa há sí. A ṣe kíláàsì ọjọ́ mélòó kan, káàdì tó fi hàn pé a lè fi sìlíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó wá di pé ká máa tọ olùdarí lẹ́yìn lábẹ́ omi bí òròmọdìẹ ṣe ń tọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, a ò mọ iye afẹ́fẹ́ tí à ń fà ní ìṣẹ́jú kan, a ò mọ ìdí tí òjé tí à ń so mọ́ ìdí ká lè rì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí omi bá sì wọ imú wa, àyà wa ń já bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òótọ́ ni: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í dé ibi tí omi ti jìn.

Ẹni tó ti ní káàdì àkọ́kọ́, èyí tó gbani láyè dé mítà 18, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá tíì ní in, ẹ wá olùkọ́ lọ, ẹ má fi ohun tí ẹ kà níbí bọ́ sómi.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti bíró fún orí ilẹ̀, àti wàláà ike pẹ̀lú pẹ́ńsùlù fún abẹ́ omi.
- Géèjì tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn, àti kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ tó ń ka bí ibi tí ẹ wà ṣe jìn tó àti àkókò. Bí owó bá ká a, ẹ ra kọ̀ǹpútà tiyín kí ẹ tó ra ohun mìíràn. Èyí tí ẹ bá ń yá lónìí yàtọ̀ sí ti ọ̀la, ẹ ò sì ní mọ èdè ìkankan nínú wọn dáadáa.
- Ẹnìkejì tó fẹ́ kọ́ nǹkan bíi tiyín. Èyí ló ṣòroó rí jù.
- Omi tó pa rọ́rọ́ tí kò jìn ju mítà 5 lọ, tàbí adágún ìlúwẹ̀ẹ́.
- Ọ̀rọ̀ dókítà, bí nǹkan bá ti yí padà nínú ara yín láti ọjọ́ tí ẹ ti gba káàdì: ikọ́ fée, àìsàn ọkàn, iṣẹ́ abẹ, etí tó ń dùn yín, oògùn tuntun.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí

Ẹ wọ inú omi tí kò jìn yẹn pẹ̀lú ẹnìkejì yín, kí ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí láìfi dánra wò tẹ́lẹ̀:

1. Ẹ bọ́ awò ojú kúrò pátápátá, ẹ ka 20, ẹ dé e padà, kí ẹ fi imú fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù.
2. Ẹ yọ regulator, ohun tí à ń fi mí láti inú sìlíńdà, lẹ́nu, ẹ jù ú sẹ́yìn èjìká, ẹ wá a rí. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí afẹ́fẹ́ máa tú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu yín.
3. Ẹ fún ẹnìkejì ní regulator yín kejì, kí ẹ di ara yín mú, kí ẹ sì jọ gòkè.
4. Ẹ dúró láàárín omi fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ má rì, kí ẹ má léfòó, kí ẹ má sì fi ọwọ́ gbá omi.
5. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tú òjé ìdí yín bí ẹni fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń ṣe mẹ́rin tó rọrùn, wọ́n á ní ti awò ojú di ọjọ́ mìíràn. Òun gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi tó wọ imú lójijì lè sọ àgbàlagbà di ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà á máa sáré gòkè. Tó bá ń sáré gòkè pẹ̀lú èémí tó sé mọ́nú, ewu ńlá ni. Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ lítà 6 nínú ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 máa fẹ́ di lítà 12 kó tó dé òkè omi, ẹ̀dọ̀fóró kò sì láàyè fún ìyẹn.

Bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan bá ti kọjá tí ẹ ò tíì wọ omi, tàbí bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ san owó olùkọ́ fún àtúnkọ́ kí ẹ tó padà sí òkun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnìkejì ka iye ìgbà tí ẹ mí ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bọ́ awò ojú, kó tún kà á lẹ́yìn tí ẹ bá dé e padà. Bí iye kejì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ara yín kò tíì gbà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Ìpele 2: Ẹ tún òjé yín wọ̀n

Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ń dá amòòkùn tuntun dúró lójú kan, òjé àpọ̀jù ni màá mú. Ẹni tí òjé rẹ̀ pọ̀ jù gbọ́dọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú jákẹ́ẹ̀tì kó má baà rì. Afẹ́fẹ́ yẹn ń fẹ̀ bó bá gòkè díẹ̀, ó ń sún kì bó bá sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà kò ní ìsinmi: ó tẹ bọ́tìnì, ó tú afẹ́fẹ́ dànù, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ á wálẹ̀, orí á lọ sókè, á wá máa tẹ omi bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ á tètè tán. Á máa rò pé ẹ̀dọ̀fóró òun ló burú, òjé sì ni.

Èmi fúnra mi gbé kílò 10 kiri fún ohun tó lé ní ọdún kan, torí pé iye tí wọ́n so mọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àgbà amòòkùn kan wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, ta lo fẹ́ rì mọ́lẹ̀?" Kílò 6 ni mò ń lò báyìí, aṣọ rọ́bà kan náà ni.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí:

1. Ìparí ìmòòkùn ni kí ẹ ti ṣe é, nígbà tí géèjì bá ku bar 50 (bar ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó). Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Èyí tó wà nínú sìlíńdà lítà 12 tó kún dé bar 200 wúwo tó nǹkan bíi kílò 2.9, nígbà tó bá sì fi máa ku bar 50, ó ti lé ní kílò 2 tó ti lọ. Ẹni tí òjé rẹ̀ bá ṣe rẹ́gí níbẹ̀rẹ̀ máa léfòó níparí, níbi tó ti yẹ kó dúró jẹ́ẹ́.
2. Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ní mítà 5. Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù, kí ẹ máa mí bí ẹ ṣe ń mí.
3. Bí ẹ bá ń rì, ẹ mú òjé kílò kan fún ẹnìkejì, kí ẹ tún un wò. Bí ẹ bá ń lọ sókè bí ẹ tiẹ̀ tú èémí jáde, kílò kan ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ di okùn mú.
4. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú bí aṣọ rọ́bà ṣe nípọn tó, irú sìlíńdà, àti bóyá omi iyọ̀ ni tàbí omi tí kò níyọ̀.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Àkọ́kọ́, níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ ń gbìyànjú láti rì, omi kọ̀ yín, ẹ wá ní kí wọ́n fi òjé kún un. Ẹ ní sùúrù. Ìdùnnú ti jẹ́ kí ẹ fa èémí kún àyà, afẹ́fẹ́ sì ṣì há sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ na ọwọ́ tó di páìpù jákẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ tú èémí jáde títí, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ máa rì. Ìkejì ni kí ẹ gbé òjé adágún lọ sí òkun láìyí i padà. Omi òkun fi nǹkan bíi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi adágún lọ, nítorí náà bí ẹ̀yin àti gbogbo ẹrù yín bá jẹ́ kílò 100, ẹ máa nílò kílò 2.5 sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní mítà 5, jákẹ́ẹ̀tì ṣófo, ẹ káwọ́ gbera fún ìṣẹ́jú 3. Bí kọ̀ǹpútà kò bá fi ju ààbọ̀ mítà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, òjé yín pé.

Ìpele 3: Ẹ mọ iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń fà

"Mo máa ń tètè lo afẹ́fẹ́ tán." Gbólóhùn yìí kò kọ́ni ní nǹkan kan. Nọ́ńbà ló ń kọ́ni.

Lókè omi, bar 1 ló ń tẹ̀ wá. Nínú òkun, mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi bar 1 kún un: bar 2 ní mítà 10, bar 3 ní mítà 20, bar 4 ní mítà 30. Bí ó bá ṣe ń tẹ̀ wá tó, bẹ́ẹ̀ ni èémí kan ṣe ń kó afẹ́fẹ́ tó lára sìlíńdà.

Ẹ dúró ní mítà 10 fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa wẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ kọ iye tó wà lórí géèjì sára wàláà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Ẹ jẹ́ ká ní ó kúrò ní 160 sí 120 lórí sìlíńdà lítà 12. Bar 40 ni ẹ lò. 40 lọ́nà 12 jẹ́ lítà 480. Ẹ pín in sí ìṣẹ́jú 10, ó di 48. Ẹ pín in sí bar 2, ó di lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà tiyín nìyẹn, bíi pé òkè omi ni ẹ wà. Ní mítà 30 yóò di lítà 96 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà tó kún dé bar 200 yóò sì gbẹ pátápátá láàárín ìṣẹ́jú 25. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí fún ara mi, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí pé mi ò gbà á gbọ́.

Nọ́ńbà yẹn tún ń dáhùn ìbéèrè tó wúlò jù: ìgbà wo ló yẹ ká yí padà? Wọ́n ti kọ́ wa pé ká dé òkè pẹ̀lú bar 50. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ sí pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà tó bá ku bar 50, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Ẹ wò ó: ẹ wà ní mítà 20, afẹ́fẹ́ ẹnìkejì tán lójijì. Ẹ̀yin méjèèjì máa mí láti inú sìlíńdà kan, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ká ní lítà 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 60 lápapọ̀.

- Ìṣẹ́jú 1 láti yanjú ọ̀rọ̀ ní bar 3: lítà 180.
- Gígòkè ní nǹkan bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, ká pè é ní ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀, ní ìdajì ọ̀nà tó jẹ́ bar 2: lítà 300.
- Ìdúró ìṣọ́ra ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kí ẹ tó yọrí, bar 1.5: lítà 270.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 750. Nínú sìlíńdà lítà 12, ó lé ní bar 62. Nítorí náà, ní mítà 20, ẹni tí géèjì rẹ̀ ka 70 ti wà ní bèbè, bó tiẹ̀ rò pé òun ṣì ní àyè.

Ìkìlọ̀: ẹ má sé èémí láti fi dín nọ́ńbà kù. Ó máa fún yín ní orí fífọ́, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró bí ẹ bá gòkè díẹ̀ láìmọ̀. Òjé tó pé, ara tó nà gbalaja, àti ẹsẹ̀ tó ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń dín in kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnìkejì bi yín lábẹ́ omi iye tó kù, kí ẹ fi ọwọ́ sọ iye tí ẹ rò kí ẹ tó wo géèjì. Bí ẹ kò bá fi ju bar 10 ṣìnà nígbà mẹ́ta, ẹ ti ń gbọ́ ara yín.

Ìpele 4: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí irun yín tó gbẹ

"Mítà 17, ìṣẹ́jú 42, ó dùn gan-an." Mo ní ìwé kan tó kún fún irú rẹ̀, kò sì sí ohun tí mo lè rí kọ́ níbẹ̀ lónìí.

Ìlà mẹ́rin tó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kí n tó wọlé. Nọ́ńbà tí mo rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu. Ohun tí màá bi ẹnìkan tàbí kà nípa rẹ̀. Báyìí:

"Mo fẹ́ mọ̀: ṣé màá lè rí ọkọ̀ padà pẹ̀lú kọ́ńpáàsì nìkan? Nọ́ńbà: ìgbá ẹsẹ̀ 60 lọ, 60 bọ̀, mo ṣìnà ní nǹkan bíi mítà 15. Ó yà mí lẹ́nu: ìṣàn omi ti ń gbé mi lọ sọ́wọ́ òsì, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìbéèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìṣàn kí wọ́n tó wọlé?"

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni kí wọ́n dúró di alẹ́. Nígbà yẹn, ìtàn á ti bo òótọ́ mọ́lẹ̀, ẹja á ti tóbi sí i. Ohun kejì: ẹ kọ àṣìṣe yín sílẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìwé yín ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹlòmíràn tó ń mòòkùn ní ojú ìwé kan kà. Bó bá lè sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nígbà tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ dáadáa.

Ìpele 5: Ìbéèrè kan fún ìmòòkùn kan

Ẹ má gbé mẹ́ta wọlé. Ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkejì kí ẹ tó wọ omi. Díẹ̀ rèé tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú nǹkan pupa dání, kí ẹ wò ó ní mítà 3, 10 àti 18. Omi máa ń jẹ àwọ̀ pupa kọ́kọ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lábẹ́ omi tó jìn lè dúdú tàbí kó dà bí ewé. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín bí àwọ̀ náà bá padà.

Ẹ na ọwọ́ sí nǹkan láìsún mọ́ ọn. Nítorí gíláàsì awò ojú, ohun gbogbo ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ wa ju bó ṣe wà lọ, ó sì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i. Ẹni tó bá ní òun rí ẹja tó gùn tó mítà méjì, ẹ dín in kù fún un.

Ẹ fetí sílẹ̀. Ìró ń yára nínú omi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láìmọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìyẹn ni pé etí kò lè sọ fún yín pé òkè yín kò léwu. Ojú ni kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó yọrí.

Etí náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti òkè dé mítà 10 ni afẹ́fẹ́ inú etí ti ń sún kì di ìdajì, kò tún síbi tó ti ń yára yí tó bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí etí ní gbogbo mítà kan níbẹ̀, kó tó dùn yín. Bó bá ti dùn yín, ẹ ti pẹ́: ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ, ìlù etí lè ya.

Tàbí kí ẹ mú irú ẹja kan ṣoṣo, kí ẹ máa tẹ̀ lé e fún oṣù mẹ́fà: ibi tó ń sùn, ẹni tó ń bá jà, ohun tó ń jẹ. Ẹni tó mọ ẹja kan dáadáa ń rí ju ẹni tó ń wá ẹja ńlá kiri lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń pẹ́ torí pé ó dúró lójú kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní orí ọkọ̀, kí ẹ̀yin àti ẹnìkejì dáhùn ìbéèrè náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ síra yín létí. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, ẹ ti rí iṣẹ́ ìmòòkùn tó kàn.

Ìpele 6: Kíláàsì wo ló kàn?

PADI, SSI, NAUI, BSAC, àwọn àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, gbogbo wọn ní kíláàsì lóríṣiríṣi, ó sì rọrùn láti máa kó káàdì jọ bí ẹni ń kó àǹkárá ẹgbẹ́jọdá. Ìlànà tèmi: ẹ má gba káàdì kejì àfi bí ìwé yín bá ní ìbéèrè mẹ́ta tí kíláàsì yẹn máa dáhùn.

Lójú tèmi, kíláàsì ìgbanilà ló yẹ kó ṣáájú ti omi jíjìn. Òun ló ń yí ojú yín kúrò lára ara yín sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó sì kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni kíláàsì tó ń gbani dé mítà 30, níbi tí náítírójìn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọpọlọ bí ọtí. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àjọ, mítà 40 ni òpin fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni nitrox, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún. Wọ́n rò pé ó ń jẹ́ kí èèyàn jìn sí i. Ó ń dín náítírójìn kù ni, àmọ́ ọ́síjìn tó pọ̀ ní òpin tirẹ̀. Bí ọ́síjìn bá jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì gba bar 1.4 gẹ́gẹ́ bí òpin, 1.4 pín sí 0.32 jẹ́ bar 4.375. Ẹ yọ bar 1 ti òkè omi kúrò, ó ku bar 3.375, ìyẹn mítà 33 àti díẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí oníwárápá, regulator á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wọn ohun tó wà nínú sìlíńdà yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ihò àpáta àti inú ọkọ̀ tó rì: ẹ má wọ̀ ọ́ láìkọ́ ọ. Bí kò bá sí òkè tó ṣí sílẹ̀ lórí yín, kò sí ìpele kan nínú ìtọ́sọ́nà yìí tó lè gbà yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ohun tí wọ́n kọ́ yín láìsí olùkọ́ nítòsí, níbi tó rọrùn ju ibi tí ẹ ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń wá ojú olùkọ́, káàdì ti dé, ẹ̀kọ́ kò tíì dé.

Ìpele 7: Ohun tó ń padà wá lọ́dọọdún

Kúkúrú ni èyí. Ẹ tún nǹkan márùn-ún Ìpele 1 ṣe lọ́dọọdún, bí ẹ tiẹ̀ ń mòòkùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé regulator lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní àkókò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ. Ẹ tún ìtọ́jú pàjáwìrì kọ́. Bí ẹ bá ti sanra tàbí tín-ín-rín sí i, ẹ padà sí Ìpele 2.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù, ìmọ̀ràn DAN, àjọ tó ń rí sí ìlera àwọn amòòkùn, ni pé kí ẹ dúró ó kéré tán wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn ẹyọ kan tí kò pọn dandan kí ẹ dúró lọ́nà kí ẹ tó yọrí, àti wákàtí 18 bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tàbí ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ kà á láti ìgbà tí ẹ yọrí, kì í ṣe láti ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí ìwé yín sí ìmòòkùn mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wá ìlà "ohun tó yà mí lẹ́nu". Bó bá ṣófo ní ibi mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ padà sí Ìpele 5, kí ẹ sì mú ìbéèrè tí ẹ̀ ń sá fún.